Ẹjọ́ ilẹ̀: ṣé èèyàn lè gbé e láti Háì Kóòtù ìpínlẹ̀ lọ sí ti Fẹ́dírà?

Omo_OkeBaale:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi l'Óṣogbo. Ẹjọ́ ilẹ̀ kan là ń bá bọ̀ látọdún mẹ́fà, Háì Kóòtù ìpínlẹ̀ wá dá a lóṣù tó kọjá, ilẹ̀ ò jẹ́ tiwa. Ni ẹ̀gbọ́n bàbá wa bá fárígá, wọ́n ní ká gbé e lọ Fẹ́dírà Háì Kóòtù, ṣebí ààrẹ ju gómìnà lọ, kóòtù ààrẹ náà gbọ́dọ̀ ju ti gómìnà lọ. Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́ létí mi o. Àbúrò mi tó wà ní Houston ló tún wá da gbogbo ẹ̀ rú, ó ní lọ́dọ̀ àwọn, adájọ́ ń lẹ pósítà kiri bí ẹni tó fẹ́ ṣe káńsílọ̀, òmíì sì wà tí ò sẹ́ni tó ń lé e lẹ́nu iṣẹ́ títí ayé, district court sì ni wọ́n ń pe kóòtù àwọn méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló ju èwo?

Akowe_Alekuwodo:
Ẹ tètè sọ fún bàbá kí wọ́n má fowó ṣòfò. Kò séyìí tó ju ìkejì lọ, Táyé àti Kẹ́hìndé gan-an ṣì ní ẹ̀gbọ́n, àwọn wọ̀nyí ò ní. Ẹjọ́ tí kálukú ń gbọ́ ló yàtọ̀. Ti Fẹ́dírà yẹn, 1973 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Federal Revenue Court ló ń jẹ́ nígbà náà, torí owó tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀ ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé owó orí ìjọba àpapọ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù, ọ̀rọ̀ kọ́ńpìnnì, ọkọ̀ òfuurufú, ọkọ̀ ojú omi, títí dórí ohun àlùmọ́nì ló ń gbọ́, ẹni tó bá ń jà sí góòlù tí wọ́n ń wà lápá Iléṣà, ibẹ̀ ló ń lọ. Ilẹ̀ bàbá yín kì í ṣe góòlù. Òfin ilẹ̀ ti 1978 ti gbé tiyín fún Háì Kóòtù ìpínlẹ̀, ti abúlé lè bẹ̀rẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ló kàn yín báyìí, ibẹ̀ náà lẹni tó bá pàdánù ní Fẹ́dírà ń gbà lọ. Oṣù 3 lòfin fún yín látọjọ́ ìdájọ́ o, ẹ sì ti jẹ kan níbẹ̀!

Iya_Texas:
Àbúrò yín ò purọ́. Ní Texas níbí, ọdún mẹ́rin mẹ́rin la ń dìbò yan adájọ́ district court ìpínlẹ̀, wọ́n á tún kọ ẹgbẹ́ òṣèlú ẹ̀ síwájú orúkọ ẹ̀. Ti fẹ́dírà, 94 district ló wà káàkiri Amẹ́ríkà, Southern District of Texas ni Houston bọ́ sí, ààrẹ ló ń yan adájọ́ ibẹ̀, àwọn sẹ́nétọ̀ á fọwọ́ sí i, ó di gbére nìyẹn, àfi táwọn aṣòfin bá yọ ọ́. Ká sòótọ́, ti ìbò yẹn ò wù mí, orúkọ á pọ̀ lọ súà, ẹni tí n ò rí rí ni màá máa tẹ̀ka fún. Àmọ́ níbí náà, ẹni tó bá pàdánù ẹjọ́ ilẹ̀ ní kóòtù ìpínlẹ̀ ò lè sá lọ bá ti fẹ́dírà pé kó wá bá òun tú u ká.

Jagun_Igbonna:
Tiwa ńkọ́, ta ló ń yàn wọ́n?

Akowe_Alekuwodo:
Kò síbò ńbí. NJC, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ l'Ábùjá, á dárúkọ, gómìnà á yan ti ìpínlẹ̀, ààrẹ á yan ti Fẹ́dírà. Ó kéré tán ó ti gbọ́dọ̀ di lọ́yà lọ́dún 10 sẹ́yìn. Tẹ́lẹ̀, ẹni ọdún 65 ni wọ́n ń fẹ̀yìn tì, 2023 ni wọ́n sọ ọ́ di 70.

Jagun_Igbonna:
Á jẹ́ pé tí bàbá bá fẹ́ dúró de adájọ́ yẹn kó fẹ̀yìn tì, ó máa pẹ́ o 😂

Omo_OkeBaale:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ sí bàbá létí. Wọ́n dákẹ́ lọ títí, wọ́n wá ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yẹn, ti ìpínlẹ̀ ni àbí ti ìjọba àpapọ̀. Mo ní ti ìjọba àpapọ̀ ni. Wọ́n ní ẹ ò rí nǹkan, ohun táwọn ti ń sọ látàárọ̀ nìyẹn. Lọ́la là ń lọ rí lọ́yà l'Ókè-Fìà.