Fáìlì ISO kò ṣí lórí laptop mi: ṣé dandan ni kí n wá app mìíràn?

Ìbéèrè (Under G, Ògbómọ̀ṣọ́): Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Laptop Windows 10 ni mò ń lò. Fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .iso (àwòkọ odindi CD tàbí DVD nínú fáìlì kan ṣoṣo) wà nínú flash mi, ó tó GB 3. Sọ́fítíwíà tí a fẹ́ lò ní kíláàsì ló wà nínú rẹ̀. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, WinRAR, app tí ń tú fáìlì tí a dì, ló ń gbé e. Ẹnìkan ní kí n lọ gba app tí ń ṣe bíi CD láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, dátà mi ò sì tó nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ṣíṣe?

Ìdáhùn (Tákíé): Àbúrò, fi dátà rẹ pamọ́. Láti ìgbà Windows 8, tó jáde ní 2012, ni Windows ti ń ṣí ISO fúnra rẹ̀. WinRAR ló wá gba iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Fi ọ̀tún máòsì tẹ fáìlì náà, mú "Open with", kí o wá mú "Windows Explorer". Drive tuntun á yọ nínú "This PC", E: tàbí F:, àfi bíi pé o ki CD bọ inú ẹ̀rọ. Wọ ibẹ̀, kí o tẹ setup.exe. WinRAR náà lè tú u o, àmọ́ GB 3 mìíràn ni yóò jẹ lórí dísìkì rẹ.

Kíkà nìkan ni drive yẹn wà fún, o ò lè kọ nǹkan kan sínú rẹ̀. Tí o bá parí, fi ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, mú "Eject". Fáìlì ISO rẹ ò ní lọ síbì kan. Bí o bá sì ṣe restart, drive náà á pòórá. Wàá tún un ṣí ni.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó kọ "Couldn't Mount File", ó ní kí n rí i pé fáìlì náà wà lórí NTFS.

Ìdáhùn (Ọ̀yọ́): Flash ló fa ìyẹn. Ọ̀nà tí dísìkì ń gbà to fáìlì ni NTFS, FAT32 àti exFAT: FAT32 tàbí exFAT ni ọ̀pọ̀ flash, NTFS sì ni C: rẹ. Kó fáìlì náà sí Desktop, kí o ṣí i níbẹ̀. Bí fódà tí o kó o sí bá wà ní compressed (tí Windows fún un pọ̀ kó lè kéré), ó tún lè kọ̀: lọ sí "Properties", "Advanced", kí o yọ àmì kúrò níwájú "Compress contents to save disk space".

Ohun mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fura sí. Àwọn app tí ń gba fáìlì láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá ti torrent, lè fi àmì sparse (tó ń jẹ́ kí àyè òfìfo inú fáìlì má gba ààyè lórí dísìkì) sára ISO, Windows ò sì ní gbà á. Ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, kí o kọ:

fsutil sparse setflag "C:\iso\eto.iso" 0

Fi ibi tí fáìlì tìrẹ wà rọ́pò tèmi.

Ìdáhùn (Tákíé): Tó bá wá sọ pé "The disc image file is corrupted", fáìlì ló bàjẹ́. Wọ́n lè ti yọ flash kó tó kó tán, tàbí kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Kọ *certutil -hashfile eto.iso SHA256*, nínú Command Prompt, kí o fi lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 tó bá yọ, tó dà bí ìtẹ̀ka fáìlì náà, wé èyí tí àwọn tó ṣe sọ́fítíwíà náà gbé sójú òpó wọn. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, lọ gba òmíràn.

Ìdáhùn (Ọ̀yọ́): ISO tí ẹni tí o ò mọ̀ bá fi ránṣẹ́ sí ọ nínú email, má tẹ̀ ẹ́ rárá. Àwọn gbájúẹ̀ ń fi vírọ́ọ̀sì pamọ́ sínú rẹ̀, torí ìkìlọ̀ tí Windows ń ṣe lórí fáìlì íntánẹ́ẹ̀tì kì í dé orí ohun tó wà nínú ISO tẹ́lẹ̀. Oṣù kọkànlá 2022 ni Microsoft tó ṣàtúnṣe ìyẹn. Windows tí kò gba update láti ìgbà náà ṣì wà nínú ewu.

Olùbéèrè: Desktop ló yanjú ẹ̀! F: ti yọ, setup ń lọ lọ́wọ́. Ẹ ṣeun gan-an ni.

Ìdáhùn (Tákíé): Má tíì tẹ "Eject" o, títí yóò fi kọ "Finish".