Ṣé kí n tún fílítà yìí fọ̀ ni, àbí kí n pààrọ̀ rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tó ń gun alùpùpù nínú ẹrẹ̀ àti iyẹ̀pẹ̀. Kẹrosíìnì ni mo fi ń fọ fílítà afẹ́fẹ́ tèmi, èyí tó jẹ́ fóòmù. Màá fi omi ọṣẹ ṣàn án, màá rọra fún omi rẹ̀ dànù láì lọ́ ọ, kó má baà ya. Tó bá gbẹ, màá fi òróró fílítà pa á (ọwọ́ mi kì í mọ́ bọ̀rọ̀!). Ṣùgbọ́n lánàá, mo rí eruku kíkúnná lójú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. Àyà mi já. Ibi tí wọ́n ti lẹ fóòmù náà pọ̀ sì ti ń ṣí díẹ̀. Ṣé gírísì tí mi ò fi sí etí rẹ̀ ló fà á, àbí ó ti gbó nìyẹn?