Mílíìkì ṣàdédé ń da inú rú lẹ́yìn 40 ọdún: ṣé kí wọ́n jáwọ́ ni?

Ọmọ Òkè-Ògùn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo bá wá, ẹni ọdún 42. Láti kékeré ni wọ́n ti ń da mílíìkì sí ẹ̀kọ, sí tíì, sí gàrí, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Láti bí oṣù mẹ́ta báyìí, bí wọ́n bá ti mu ún, kí wákàtí kan tó pé inú wọn á ti máa kùn, á wú, á le bí ìlù, ìsó ò ní jẹ́ kí wọ́n jókòó láàárín èèyàn. Nígbà mìíràn ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e. Odindi agolo mílíìkì kan ni wọ́n máa ń dà sórí ẹ̀kọ láàárọ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n máa mu mílíìkì sóyà dípò, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, inú tún wú. Ṣé àrùn ni? Báwo la ṣe máa mọ̀ pé mílíìkì ni lóòótọ́? Ṣé kí wọ́n kúkú jáwọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Àlàkẹ́:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ bá wa kí ẹ̀gbọ́n. Mílíìkì ní ṣúgà kan nínú tó ń jẹ́ lactose. Ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń pèsè lactase, òun ló ń gé ṣúgà náà sí méjì kí ẹ̀jẹ̀ tó lè gbà á. Bí lactase ò bá tó, ṣúgà yẹn á sọ̀ kalẹ̀ sínú ìfun ńlá bó ṣe wà. Á máa fa omi mọ́ra níbẹ̀, ohun tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru nìyẹn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé ibẹ̀ náà á bá a jẹ, wọ́n á sọ ọ́ di gáàsì, inú á wú. Ìdajì wákàtí sí bíi wákàtí méjì ló máa ń gbà kó tó dé ibẹ̀, ohun tí ẹ kọ sì bá a mu.

Fún ọ̀pọ̀ Yorùbá, kì í ṣe àrùn. Lẹ́yìn tí a bá ti gba ọmú lẹ́nu ọmọ ni lactase ti ń dín kù ní tiwa, díẹ̀díẹ̀. Olikoye Ransome-Kuti, tó padà wá di mínísítà ètò ìlera, wà lára àwọn tó gbé ìwádìí jáde lórí èyí ní 1971: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àgbàlagbà Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò ni kò lè da lactose dáadáa, nígbà tí ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran ń dà á.

Oṣù mẹ́ta tí ẹ dárúkọ yẹn ló ń kọ mí lóminú díẹ̀. Téńté ara ògiri ìfun ni lactase ń jókòó sí. Bí ìfun bá gbọgbẹ́, òun ló kọ́kọ́ ń bó dànù, òun náà ló sì ń pẹ́ jù kó tó padà. Nítorí náà, ẹ bi ẹ̀gbọ́n: ṣé wọ́n ya ìgbẹ́ gbuuru tó le kí èyí tó bẹ̀rẹ̀? Ṣé omi tó mọ́ ni wọ́n ń mu? Kòkòrò kan wà nínú omi ìdọ̀tí tó ń jẹ́ giardia, ó lè jókòó sínú ìfun fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àyẹ̀wò ìgbẹ́ ló ń fi í hàn, oògùn sì wà fún un. Bó bá jẹ́ irú èyí ni, lactase á padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù mélòó kan tí wọ́n bá ti tọ́jú ohun tó fà á.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí wọ́n bá ń rù láìgbààwẹ̀, bí ibà bá bá a rìn, tàbí bí ìgbẹ́ bá ń jí wọn lóru, ẹ má gbìyànjú nǹkan kan nílé o. Ilé ìwòsàn tààrà. Bó bá sì jẹ́ pé ara ń yún wọn, ètè ń wú, tàbí èémí ń há, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ lactose rárá. Ara ló kọ èròjà amáradàgbà inú mílíìkì, ẹ̀kán kan ṣoṣo sì lè léwu fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Bàbá Láàbù:
Nọ́ọ̀sì ti là á mọ́lẹ̀. Lórí àyẹ̀wò, èyí tí kò náni ní kọ́bọ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kò sí mílíìkì kankan. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni pé wọ́n á yọ ti agolo, wọ́n á gbàgbé èyí tó fara pa mọ́: ohun mímu kòkó inú páálí, aisikiriimu, bísíkíìtì, búrẹ́dì onímílíìkì, kọ́sítáàdì tí wọ́n ti pò mílíìkì mọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí. Bí ẹ bá rí «milk solids», «skimmed milk powder», «whey powder» tàbí «lactose», ó wà níbẹ̀. «Casein» ní tirẹ̀, èròjà amáradàgbà ni, kì í ṣe ṣúgà, ìyẹn ò ní wú wọn.

Bí ara bá balẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ẹ dán an wò padà. Láàárọ̀, láìjẹ nǹkan kan, kí wọ́n mu mílílítà 250 mílíìkì olómi, ìyẹn nǹkan bíi giráàmù 12 lactose, kí wọ́n má sì jẹ nǹkan mìíràn fún wákàtí mẹ́ta. Ẹ kọ àkókò àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Bí inú ò bá wú nígbà tí wọ́n yọ ọ́, tó wú nígbà tí wọ́n dá a padà, ẹ ti mú olè. Bó bá jẹ́ pé inú ṣì ń wú láìsí mílíìkì rárá, ẹlòmíràn ló ń jalè, ẹ máa wá a kiri.

Ní láàbù, ọ̀nà méjì la mọ̀ jù. Wọ́n lè fún wọn ní lactose giráàmù 50 nínú omi, kí wọ́n máa wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún wákàtí méjì. Bí ṣúgà ò bá fi 20 mg/dL gòkè ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, lactose ò wọlé nìyẹn. Èsì yìí máa ń ṣini lọ́nà lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. Èkejì ni ti èémí: wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kí wọ́n tó mu lactose àti lẹ́yìn rẹ̀, bí gáàsì hydrogen inú èémí bá fi 20 ppm (ìdá 20 nínú mílíọ̀nù kan) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gòkè, ó dájú. Ẹ̀rọ èyí kò wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá máa ṣe é kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀wà lálẹ́ àná, kò sì gbọdọ̀ tíì lo oògùn apakòkòrò láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èsì á purọ́.

Kò Sí Mílíìkì Mọ́:
Kí ni gbogbo wàhálà yìí? Kí wọ́n jáwọ́ ńbẹ̀. Àwọn bàbá wa ò mu mílíìkì, wọ́n sì gbó.

Onímọ̀ Oúnjẹ:
Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n. Ìwọ̀n lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ẹni tí lactase rẹ̀ kò tó ló ṣì lè gba nǹkan bíi giráàmù 12 lactose lẹ́ẹ̀kan, pàápàá tó bá bá oúnjẹ wọlé. Ẹ wá bá mi ṣírò. Mílíìkì alágolo ti fà, omi rẹ̀ ti dín kù, nǹkan bíi giráàmù 10 lactose ló wà nínú giráàmù 100 rẹ̀. Agolo giráàmù 160 á ní nǹkan bíi 16. Gbogbo rẹ̀ wá wọ inú òfìfo láàárọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná tó ń yára ṣàn lọ. Kò lè má kùn! Ìdá mẹ́rin agolo yẹn, ìyẹn giráàmù 4, pẹ̀lú àkàrà mẹ́ta tàbí mọ́ínmọ́ín kan, ọ̀tọ̀ ni bó ṣe máa rí. Òróró àti èròjà inú àkàrà máa ń jẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ nínú, lactase díẹ̀ tó kù á sì ráyè ṣiṣẹ́.

Ti ẹlẹ́bu ńkọ́? Ṣíbí ìjẹun kan tó kún dáadáa tó giráàmù 10, lactose inú rẹ̀ sún mọ́ 4. Ẹni tó bu ṣíbí mẹ́rin sí gàrí ti padà sí 16 nìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí «filled milk», tí wọ́n fi òróró ewéko rọ́pò ọ̀rá rẹ̀, tàn yín jẹ. Ọ̀rá ni wọ́n pààrọ̀, wọn ò fọwọ́ kan ṣúgà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì àti ìdánwò tí Bàbá Láàbù sọ, kí ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lactose giráàmù 3 lójúmọ́ pẹ̀lú oúnjẹ, kí wọ́n fi díẹ̀ kún un ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin. Lactase ò ní pọ̀ sí i o. Àwọn kòkòrò inú ìfun ńlá ló máa ń mọ́ra, tí gáàsì fi ń dín kù. Ibi tí inú bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, kí wọ́n fà sẹ́yìn díẹ̀, ibẹ̀ ni ìwọ̀n tiwọn.

Ọmọ Òkè-Ògùn:
Mo dúpẹ́ o! Agolo yẹn ni mi ò ro ìṣirò rẹ̀ rí. Yógọ́ọ̀tì ńkọ́, àti wàrà àwọn Fúlàní?

Ìyá Yógọ́ọ̀tì:
Yógọ́ọ̀tì tó ní kòkòrò ààyè dára fún wọn, torí kòkòrò yẹn fúnra rẹ̀ ní ohun tó ń gé lactose, ó sì ń bá a lọ nínú ìfun. Èyí tó lè jókòó sórí tábìlì fún oṣù mẹ́fà láìsí fíríìjì, wọ́n ti sè é lẹ́yìn tó kan. Kòkòrò rẹ̀ ti kú, mílíìkì olómi kíkan lásán ni.

Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe é nílé: giráàmù 130 mílíìkì ẹlẹ́bu sínú lítà omi kan, ẹ gbé e kaná títí oru á fi máa yọ létí ìkòkò, kó má hó o, ẹ dín iná kù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òun ló ń jẹ́ kó ki. Ẹ jẹ́ kó tutù dé ìwọ̀n 43 sí 45 °C. Ẹni tí kò ní tẹmómítà, ẹ fọ ọwọ́, ẹ ti ọmọ-ìka bọ̀ ọ́, ẹ ka ení, èjì. Bí ẹ bá ka dé ẹẹ́wàá tó gbóná tí kò sì jó yín, ó ti tó. Bó bá lé yín jáde ní ẹẹ́ta, ẹ dúró, á pa kòkòrò. Ẹ po ṣíbí ìjẹun méjì yógọ́ọ̀tì ààyè tí kò ní ṣúgà mọ́ ọn, ẹ dé e, ẹ fi aṣọ nípọn wé e sínú kúlà tí ẹ ti fi omi gbóná ṣan. Wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ẹ má mì í. Bí kò bá dì, ó tutù jù tàbí yógọ́ọ̀tì tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ti kú. Bó bá ń fà bí ilá tó sì ń rùn, kòkòrò àjèjì ti wọ̀ ọ́, ẹ dà á nù. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sórí aṣọ tí a fi ń sẹ́ ọ̀gì fún wákàtí méjì. Omi tó ń ro sílẹ̀ yẹn máa ń gbé lactose lọ pẹ̀lú ara rẹ̀.

Ọ̀nà kan náà ni ti wàrà. Bí ewé bomubomu bá ti mú un dì, inú omi rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ lactose ń wà. Ẹ má mu omi tí wọ́n fi ń tà á. Ẹ fún wàrà náà gbẹ, ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi iyọ̀, ẹ da omi nù, kí ẹ tó dín in. Nùnú tí wọn ò se, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mu ún. Àrùn ń gba inú mílíìkì tútù kọjá.

Ará Peckham:
Ní London níhìn-ín, mílíìkì «lactose free» wà lórí àtẹ. Mílíìkì gidi ni, iléeṣẹ́ ti fi lactase gé ṣúgà rẹ̀ ṣáájú, ìdí tó fi dùn díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nìyẹn. Kálísíọ̀mù rẹ̀ pé. Bí ẹnì kan bá ń bọ̀ wálé, ẹ ní kó ra lactase oníhóró wá: 3,000 sí 9,000 yúníìtì, ṣíbí àkọ́kọ́ ni kí wọ́n fi gbé e mì. Ẹni tó lò ó ní wákàtí kan ṣáájú ti fi owó ṣòfò. Olómi tí wọ́n ń kán sí mílíìkì náà wà, fíríìjì ló máa sùn sí fún wákàtí 24. Ẹ má kán an sí tíì gbígbóná, iná á pa á.

Onímọ̀ Oúnjẹ:
Ó ku sóyà. Lactose ò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní raffinose àti stachyose, àwọn ṣúgà tó ń jẹ́ kí ẹ̀wà máa sọni nínú. Kò sí èèyàn kankan tí ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ ń pèsè ohun tó ń gé wọn. Kí wọ́n rẹ ẹ̀wà sóyà náà fún wákàtí 12, kí wọ́n pààrọ̀ omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n bó èèpo, kí wọ́n da gbogbo omi rírẹ nù kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Á dín wíwú kù dáadáa. Èyí tí a ṣe nílé kò ní kálísíọ̀mù tó o, ẹni ọdún 42 sì nílò 1,000 mg lójúmọ́. Agolo sadínì kan, tí wọ́n bá jẹ eegun rẹ̀ mọ́ ọn, lè fún wọn ní nǹkan bíi 350. Ṣíbí ìjẹun yánmọtí kan tí a kò bó á fi nǹkan bíi 88 kún un, kí wọ́n lọ̀ ọ́, torí bó bá wọlé lódindi, lódindi ló ń jáde. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ní kálísíọ̀mù, àmọ́ oxalate inú rẹ̀ dì í mú, ara kì í rí púpọ̀ gbà níbẹ̀. Bí oògùn tí wọ́n ń lò bá sì ní lactose lára, kí wọ́n máa lò ó lọ, ìwọ̀n inú hóró kan kéré jù láti wú ẹnikẹ́ni.