AC 2 (Armor Class, nọ́ńbà ààbò ara) nínú D&D (Dungeons & Dragons, eré ìtàn onídáìsì), ṣé ó dáa àbí kò dáa?

ọmọ_ajílété: Ẹ gbà mí o. Àwa mẹ́rin la jọ máa ń ta D&D lẹ́bàá Tákìé l'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí, ìwé ẹ̀dà kejì ti 1989 ni bọ̀ọ̀dá kan gbé wá, tèmi jẹ́ ẹ̀dà karùn-ún ti 2014. Wọ́n ní AC àwọn jẹ́ 2, nínú ìwé tèmi sì rèé, AC tó bá ga ló dáa, mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní ṣé bàǹtẹ́ lẹ wọ̀ jagun ni, ni wọ́n bá bínú.

bàbá_dáìsì: Wọn ò parọ́. Nínú ẹ̀dà kejì, bí AC bá ṣe ń wálẹ̀ lara ṣe ń le sí i. Tí THAC0 rẹ (nọ́ńbà tí dáìsì rẹ gbọ́dọ̀ dé kó o tó lè ṣá ẹni tí AC rẹ̀ jẹ́ 0 bá) bá jẹ́ 17, yọ AC 2 ti ẹni tó ò ń bá jà kúrò, dáìsì olójú ogún gbọ́dọ̀ dé 15. Ẹ̀dà kẹta ti 2000 ló yí i padà.

ìyá_idán: Ìṣirò yẹn ti sú mi jàre! Advantage ti ẹ̀dà karùn-ún ni tèmi, ju dáìsì méjì, mú èyí tó pọ̀ jù, ó tán, pàápàá tí iná bá lọ tó jẹ́ tọ́ọ̀ṣì fóònù lẹ fi ń wo bébà.

ọmọ_ajílété: Ha! Mò ń lọ bẹ bọ̀ọ̀dá báyìí.