Ìtọ́jú ẹṣin láàárín ìpele eré ìje kan sí èkejì láyé àtijọ́

Ẹ jọ̀wọ́, mo nílò àlàyé lórí eré ìje ẹṣin àtijọ́, nígbà tí ẹṣin kan náà máa ń sá ìpele méjì tàbí mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lóṣù karùn-ún ọdún 1823, ní Long Island ní Amẹ́ríkà, ẹṣin kan tó ń jẹ́ American Eclipse pàdánù ìpele àkọ́kọ́ sọ́wọ́ ẹṣin mìíràn tó ń jẹ́ Henry, ó sì borí nínú méjì tó kù, bẹ́ẹ̀ máìlì 4 ni ìpele kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìròyìn tí mo kà mẹ́nu ba àkókò eré àti bí wọ́n ṣe pààrọ̀ ẹni tó gùn ún, wọn kò sọ̀rọ̀ ìtọ́jú rárá. Ǹjẹ́ òfin ìgbà náà gbà kí wọ́n fún ẹṣin lómi mu nígbà ìsinmi, àbí òógùn ara rẹ̀ nìkan ni wọ́n lè nù?