Ẹyin ní ṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà: kí ni ká máa wò lára páálí?

Ọmọ Òṣogbo:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àǹtí. Ẹyin kíréètì, ọgbọ̀n lójú kan, la mọ̀ nílé. Ní Amẹ́ríkà níbí, méjìlá ló wà nínú páálí, owó páálí kan sì lè ju ti èkejì lọ ní ìlọ́po méjì. Ọ̀kan ní cage-free, òmíràn ní natural, òmíràn ní Grade A. Èwo ló ṣe pàtàkì nínú gbogbo rẹ̀? Báwo la ṣe ń mọ èyí tí kò tíì pẹ́? Ṣé ẹyin tí èèpo rẹ̀ pupa ló sì ṣara lóore jù?

Alásè:
Àbúrò, ṣí páálí náà kí o tó lọ sanwó. Fi ìka yí ẹyin kọ̀ọ̀kan díẹ̀ níbi tó jókòó sí. Èyí tí kò bá yí ti sán nísàlẹ̀ níbi tí ojú ò tó, omi rẹ̀ ló jò tó gbẹ mọ́ páálí. Fi í sílẹ̀, mú páálí mìíràn. Má ṣe mú ẹyin inú páálí kan dípò ti òmíràn o, torí ọjọ́ wọn lè má dọ́gba.

Ẹ̀gbẹ́ páálí ni ọ̀rọ̀ wà. Wá nọ́ńbà mẹ́ta tó dúró pọ̀, láti 001 dé 365. Ọjọ́ tí wọ́n kó ẹyin sínú páálí nìyẹn: 001 ni ọjọ́ kìíní oṣù January, 074 ni ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù March. Nọ́ńbà tó ní P níwájú ń sọ ilé iṣẹ́ tó dì í. Nọ́ńbà mẹ́ta yẹn ni kí o gbára lé ju Sell By (ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù yẹ kó tà á mọ) àti Best By (ọjọ́ tó ṣì dára jù mọ) lọ. Lórí páálí tó ní àmì USDA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà fún ètò ọ̀gbìn, Sell By kò gbọdọ̀ ju 30 ọjọ́ lọ sí ọjọ́ tí wọ́n dì í, ṣùgbọ́n Best By lè tó 45. Páálí méjì lè fi ọjọ́ kan náà parí, kí ọ̀kan sì fi ọ̀sẹ̀ méjì dàgbà ju èkejì lọ. Nọ́ńbà tó ga jù ló tuntun jù, àfi nígbà tí ọdún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí, tí 004 á tuntun ju 360 lọ. Na ọwọ́ dé ẹ̀yìn. Iwájú ni wọ́n ń ti èyí tó pẹ́ sí.

Baba Adìyẹ:
Ẹ̀gbọ́n Alásè ti sọ ọ́ dáadáa. Ẹ jẹ́ n fi ti ọ̀rọ̀ orí páálí kún un, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù.

Natural àti farm fresh kò sọ nǹkan kan nípa bí wọ́n ṣe sin adìyẹ. Má sanwó lé no hormones: òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí ẹnikẹ́ni fún adìyẹ ní họ́mónù rárá. Cage-free ni pé adìyẹ kò sí nínú kéèjì, ó ń rìn káàkiri nínú ilé, ṣùgbọ́n ó lè má fojú kan ìta láéláé. Free-range ní ọ̀nà àtijáde. Bí pasture-raised, ìyẹn adìyẹ tó ń jẹ̀ ní pápá, bá ní àmì Certified Humane lára, ti ẹgbẹ́ tó ń yẹ ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn wò, ilẹ̀ tó tó 108 ẹsẹ̀ níbùú-lóòró (square feet) ni ti adìyẹ kọ̀ọ̀kan. Èyí ni mo gbà pé ó yẹ lówó, bí agbára bá gbé e.

Grade kò kan bí wọ́n ṣe sin adìyẹ. Èèpo àti inú ẹyin ni wọ́n fi iná yẹ̀ wò. Funfun ẹyin Grade AA máa ń dì dáadáa tí o bá fọ́ ọ sínú àwo. A náà dára fún ohun gbogbo.

Títóbi: méjìlá Large kò gbọdọ̀ dín ní 24 áúǹsì, Extra Large 27, Jumbo 30. Fi áúǹsì pín owó. Bí Large bá jẹ́ $3.60, sẹ́ǹtì 15 ni áúǹsì kan, Jumbo $4.20 jẹ́ sẹ́ǹtì 14, òun ló dínwó jù. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ kéèkì lo fẹ́ ṣe, Large ni ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà ń kà.

Ìran adìyẹ ló ń pinnu àwọ̀ èèpo. Oore inú wọn ò yàtọ̀. Adìyẹ tó ń yé ẹyin pupa sábà máa ń tóbi jù, ó ń jẹun jù, ìdí tí owó rẹ̀ fi ga nìyẹn.

Ọmọ Òṣogbo:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ṣé mo lè kó o sórí tábìlì bíi tilé?

Ìyá Ìbejì:
Rárá o, ọmọ mi. Wọ́n ti fi omi gbígbóná fọ ẹyin ibí, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dí ihò tíntìntín ara èèpo ti lọ. Ẹyin ilé tí a kò fọ̀ ṣì ní in. Ẹyin tó ti tutù tún máa ń làágùn tó bá dé ibi tó móoru, omi yẹn ló sì lè gbé kòkòrò Salmonella wọlé. Má jẹ́ kó pẹ́ ju wákàtí méjì lọ níta. Fi í sínú páálí rẹ̀, ní àárín fíríìjì, má kó o sára ilẹ̀kùn tí ooru ń bá ní gbogbo ìgbà. Yóò lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún.

Ẹyin tó bá léfòó nínú omi ti pẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ ti pọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ ìyẹn nìkan kò sọ pé ó ti bàjẹ́. Fọ́ ọ sínú abọ́ lọ́tọ̀, kí o gbóòórùn rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ẹyin sísè lo fẹ́, lo èyí tó ti tó ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá. Èyí tó tuntun jù ṣòro bó, torí afẹ́fẹ́ carbon dioxide kò tíì jáde tán nínú funfun rẹ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ awọ inú èèpo.