Orí Àpáta La Ti Sọ Ọmọ-ọmọ Wa Lórúkọ

Ẹ kú ìrọ́jú o, ẹ̀yin ará. Mo ti ń ka ìtàn yín láti ọjọ́ tí ẹnìkan ti béèrè pé báwo ni àwa tí a dàgbà ká tó di míṣọ́nnárì ṣe ń ṣe tó bá di ọ̀rọ̀ ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti òkú sísin nílé. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Yóò gùn díẹ̀. Tíṣà ni mí, a kì í tètè mọ ìgbà tó yẹ ká dákẹ́.

Ọmọ Iléṣà ni Bàbá àwọn ọmọ mi, èmi jẹ́ ọmọ Ọ̀ṣú. Wọ́n fẹ̀yìn tì lọ́dún 2014, èmi fẹ̀yìn tì ní 2016. Mi ò tíì lo oṣù mẹ́rin nílé tí ìjọ wa fi kéde pé àwọn ń wá tọkọtaya tí kò ní ọmọ iléèwé lọ́rùn mọ́, tí yóò lọ gbé láàárín àwọn aba kòkó tó wà lẹ́yìn Ifẹ̀tẹ̀dó fún ọdún mẹ́ta. Kí n tó yíjú sí Bàbá, wọ́n ti nawọ́. Mi ò bá wọn jà. Òkè Ooye ni wọ́n bí wọn sí, àdúgbò tí Ajíhìnrere Joseph Ayọ̀ Bábálọlá ti ṣe ìsọjí ńlá yẹn ní oṣù keje ọdún 1930. Ọmọdé ni bàbá tó bí wọn nígbà náà, ojú rẹ̀ ló ṣe. Ìtàn agogo tí Bábálọlá ń lù àti omi ìyè tó ń gbàdúrà sí ló sì ń sọ fún wọn lálaalẹ́ dípò àlọ́ ìjàpá. Ta ni mo jẹ́ tí n óò ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jókòó sílé máa ka ìwé ìròyìn?

Àwọn Ìgèdè àti Àgátú láti Ìpínlẹ̀ Benue ló pọ̀ jù nínú aba náà. Àwọn ló ń ro oko kòkó olóko, tí wọ́n ń ká a, tí wọ́n ń sá a. Bàbá ń fi pijin wàásù, ọmọkùnrin kan ń túmọ̀ rẹ̀ sí Ìgèdè. Ẹni tó bá ti gbé aba kòkó rí mọ òórùn yẹn: kòkó tútù tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò fún bí ọjọ́ mẹ́fà kí wọ́n tó sá a, tó ń ta sánsán bí ọtí tó kan. Ó wọ aṣọ wa, ó wọ ìrọ̀rí, Bíbélì mi ṣì ń rùn ún di òní. Yàrá méjì àti ọ̀kadà kan ni ìjọ fún wa. Epo ọ̀kadà, oúnjẹ, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, owó ìfẹ̀yìntì ló ń bójú tó gbogbo rẹ̀, ìgbà tó bá wọlé.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Bí a bá fẹ́ pe ọmọ, àfi ká gun àpáta kan tó wà lẹ́yìn aba, níbi tí àwọn obìnrin ń sá gbàgúdà sí. Ẹ rántí àpáta yìí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, ìyàwó ọmọ wa ọkùnrin bímọ ní Ilé-Ifẹ̀. Àkọ́bí wọn, ọmọ-ọmọ wa àkọ́kọ́. Ọjọ́ kẹta ni ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó ti ọjà dé ló jẹ́ iṣẹ́ náà fún wa. Mo fò sókè, mo jó, mo kó aṣọ sínú báàgì. Àmọ́ òjò ọdún yẹn ò ṣe é fẹnu sọ. Omi gbé afárá onípákó tó wà láàárín àwa àti ọ̀nà ọlọ́dà lọ, ọ̀kadà ò lè kọjá mọ́. A ránṣẹ́ sílé pé afárá ti já, pé kí wọ́n má dúró dè wá, pé a óò pe orúkọ tiwa lórí fóònù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, aago méje ò tíì lù tí a fi wà lórí àpáta. Èmi di agboòrùn mú, Bàbá wọ agbádá lé bàtà rọ́bà. Wọ́n gbé fóònù sókè lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń ti òrùlé tó fẹ́ wó. Ní òdìkejì, ọmọ wa ti gbé fóònù tirẹ̀ sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oyin àti iyọ̀, kí gbogbo èèyàn lè máa gbọ́. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn àna wa, mo ń gbọ́ igbe ọmọ, lẹ́yìn náà ohùn ń já, lẹ́yìn náà nǹkan kan ò sí. Bàbá pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, àmọ́ Oyè ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí ìdílé tí wọ́n ti ń jẹ oyè ni tiwọn. Mo gbọ́ tí wọ́n hó yèè níbẹ̀. Fóònù kú. Bátìrì ti tán.

Arúgbó méjì wá dúró sórí àpáta, wọ́n ń kọrin ìsọmọlórúkọ fún gbàgúdà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni a tó dé Ifẹ̀. Ìyá ìyàwó ló ti ń wẹ ọmọ láti ìgbà náà. Inú mi dùn pé ó ráyè. Mi ò sì ní purọ́, mo jowú, ó kàn jẹ́ pé mi ò jẹ́ kó hàn lójú. Ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ayọ̀, wo ìyá bàbá ẹ." Mo wo Bàbá. Bàbá wo ọmọ wa. "Ta ló ń jẹ́ Ayọ̀?" Ọmọ wa ní, "Dádì, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́." Orúkọ náà ti wà nínú ìwé ìjọ, ó ti wà nínú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ayọ̀. Oyè ni a pè, Ayọ̀ ni wọ́n gbọ́. Bàbá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní Ayọ̀ náà dára. Àmọ́ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, Oyè ni wọ́n ń pe ọmọ náà, ó sì ń jẹ́ méjèèjì.

Ìgbéyàwó ọmọ wa obìnrin ní ọdún 2019 kò le tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ náà bọ́ sí ọ̀sẹ̀ ìkórè, àgbà ìjọ kan sì dọ́gbọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹni tó dọwọ́ lé ohun ìtúlẹ̀ tó tún wẹ̀yìn bá wa wí. Mo ní kí wọ́n má bínú, bàbá kan ṣoṣo ni ọmọ mi ní tó máa kúnlẹ̀ gbàdúrà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la lò nílé. Àwọn obìnrin Ìgèdè mẹ́rìnlá kún inú ọkọ̀ akẹ́rù wá sí Iléṣà pẹ̀lú iṣu, wọ́n sì jó débi pé alága ìjókòó gbàgbé láti gba owó lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ alága ìjókòó mọ̀ pé ohun ńlá nìyẹn.

Ìyá Bàbá kú ní ọdún kan náà. A sin wọ́n, a padà.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé rèé. Lọ́dún tó kọjá, ìyàwó ọmọ mi ń ṣa ẹ̀fọ́ lọ́dọ̀ mi ní kíṣíìnì. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ kì í gbàgbé ọjọ́. Láìgbójú sókè, ó bi mí pé, "Màmá, afárá yẹn, ọjọ́ wo ló já gan-an?"

Ọjọ́ keje ló já. Ọjọ́ kẹta la gbọ́ pé wọ́n bímọ. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni ọ̀kadà fi lè kọjá. Èmi ti di báàgì mi. Bàbá ló ní ìrìbọmi àwọn mọ́kànlá kan wà lọ́jọ́ Sátidé, pé bí a bá lọ, wọn yóò tú ká. Mo jókòó ti báàgì náà, mi ò sọ̀rọ̀, mo sì tú u. Nígbà tí omi wá gbé afárá, ẹ má bú mi o, ṣe ni ara tù mí. Mo ti rí ohun tí n óò sọ fún ọmọ.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ọmọ mi wà ní pálọ̀, ó ń gbọ́. Ó dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó jáde. Bàbá ní kí ló dé tí n kò fi jẹ́ kó máa wà bó ṣe wà. Wọ́n tún mú ọ̀rọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther wá, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe: pé iṣẹ́ míṣọ́nnárì ló mú un dé Abẹ́òkúta lọ́dún 1846, tó fi rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25 tí wọ́n ti mú un lẹ́rú. Mo ní òótọ́ ni, àmọ́ ibi tí ìyá rẹ̀ wà ni iṣẹ́ náà gbé e lọ. Tiwa gbé wa kúrò níbẹ̀ ni. A ò tíì parí àríyànjiyàn yẹn.

*

Ọmọ míṣọ́nnárì, Ilé-Ifẹ̀:

Màmá, ẹ ṣé. Èmi ni irú ọmọ yín yẹn. Lọ́jọ́ tí mo gboyè ní Ifásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àwọn òbí mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọ níbi tó jìn. Fọ́tò ìgboyè mi tó wà lára ògiri, bàbá ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ló dúró tì mí, ó fi ọwọ́ kan di fìlà mú nítorí atẹ́gùn. Àlejò tó bá wọlé a ní mo jọ ọ́. Mi ò bínú sí Ọlọ́run rárá. Ṣùgbọ́n ìgbàkigbà tí mo bá béèrè, "iṣẹ́ Olúwa ni" ni wọ́n máa ń sọ, kò sì sí ọmọ tó lè bá Olúwa du òbí. Ká ní wọ́n sọ pé "àwa la yàn bẹ́ẹ̀," ǹ bá rí ẹni bá jà, à bá sì ti parí ẹ̀ tipẹ́.

*

Arákùnrin kan, Ilé-Ifẹ̀:

Ìjọ tiwa, Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹyìn, ní ètò tirẹ̀ fún tọkọtaya àgbà. Wọ́n lè lọ fún oṣù mẹ́fà, ó sì lè tó oṣù 23, àpò ara wọn ni wọ́n ń ná. Ìgbà tí mo ṣì wà ní Ìbàdàn, tọkọtaya kan wá láti Utah ní Amẹ́ríkà. Ọmọ-ọmọ wọn obìnrin fẹ́ ṣègbéyàwó nílé, wọ́n sì pinnu pé àwọn ò ní lọ. Inú tẹ́ńpìlì ni wọ́n ti so ọkọ àti ìyàwó pọ̀, a kì í sì í ya fídíò níbẹ̀, nítorí náà ìnáwó alẹ́ nìkan ni wọ́n lè wò. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní Utah lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, aago kan òru ni níbí.

Wọ́n pe àwa mélòó kan wá sílé. Màmá òyìnbó wọ ìró àti bùbá, ìyàwó mi ló wé gèlè fún wọn. Bàbá òyìnbó ń fi ẹsẹ̀ rìn yípo jẹnẹrétọ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tó ń ṣàìsàn, kó má lọ kú. Ìgbà tí ìyàwó wọlé lójú fóònù, Màmá dìde dúró, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, bí ẹni pé wọ́n ń rí wọn lọ́hùn-ún. Nígbà tó parí, wọ́n pín ẹ̀pà àti Fanta fún wa, wọ́n ní àríyá àwọn nìyẹn. Mo rò pé ohun tó mú kó rọrùn fún wọn ni pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jókòó pẹ̀lú ọmọ náà, tí wọ́n bi í pé ṣé kí àwọn wá. Òun ló ní kí wọ́n dúró. Ẹ̀yin tiyín, Màmá, ẹ ò bi ẹnikẹ́ni.

*

Ìyá tó kọ ti àkọ́kọ́, Iléṣà:

Arákùnrin, òótọ́ lẹ sọ. Ó dùn mí, àmọ́ mo gbà á.

Ọmọ mi pè lánàá. Kò dárúkọ afárá. Ó ní fọ́ọ̀mù iléèwé ọmọ ló wà lọ́wọ́ òun, àyè orúkọ mẹ́ta wà níbẹ̀, pé kí Dádì pe ti ọjọ́ yẹn fún òun, kí wọ́n pè é díẹ̀díẹ̀. Mo gbé fóònù fún Bàbá. Pálọ̀ la wà ní Iléṣà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún bámú. Wọ́n dìde kúrò lórí àga, wọ́n gbé fóònù sókè lọ́wọ́ méjèèjì, wọ́n sì fi gbogbo ohùn wọn pe Oyè.